Ọlọ́pàá Tó Fẹ́ Jí Ọ̀rọ̀ Gbọ́, Kó Lọ Gbàwé Lọ́wọ́ Adájọ́

Láàárín ọdún 2009 sí 2010, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI dẹ ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́ àgbègbè San Mateo ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n ki ọ̀kan bọ inú àpótí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sọ́gbà, wọ́n fi òmíràn pamọ́ sídìí òdòdó, wọ́n tún dẹ àwọn kan sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sítòsí. Àwọn tó ń ra ilé ní gbàǹjo ni wọ́n ń ṣọ́, torí wọ́n fura pé wọ́n ń dìmọ̀lù láti já owó ilé wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà gbà sílẹ̀ lé ní wákàtí 200.

Kò sí adájọ́ kan tó fọwọ́ sí i.

Ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dẹ irú pàkúté bẹ́ẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti ń fa oníbàárà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbẹ̀ ni tọkọtaya tó fẹ́ kọra wọn sílẹ̀ ti ń jiyàn lórí ọmọ. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tí wọ́n ń wá yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìjọba ní ìta gbangba ni, pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níta ò lè pè é ní àṣírí. Adájọ́ Charles Breyer ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2016, ó ní wọn ò gbọdọ̀ lo ohùn wọ̀nyẹn fún ẹ̀rí. Inú bí àwọn kan pé àwọn afurasí lè tibẹ̀ mórí bọ́. Bí ọ̀nà tí ìjọba gbà kó ẹ̀rí bá wọ́, kí wọ́n mórí bọ́!

Òfin ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1967, nínú ẹjọ́ Katz, ẹni tí FBI lẹ ẹ̀rọ mọ́ orí àgọ́ tẹlifóònù tó ń lò ní Los Angeles, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre: adájọ́ méje gbè é, ẹyọ kan ló tako. Lọ́dún kejì, ìjọba ṣòfin pé ìwé àṣẹ adájọ́ ò gbọdọ̀ kọjá 30 ọjọ́ láìjẹ́ pé wọ́n tún un gbà, àti pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀nà ìwádìí mìíràn ò fi lè ṣiṣẹ́. Òfin yìí kan náà ní kí wọ́n fi ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀rọ yìí, tó tà á tàbí tó ní in lọ́wọ́ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún márùn-ún. Ìjọba àti àwọn tó ń ṣe é fún ìjọba wà lára àwọn tó yọ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹni tí ò ṣẹ̀ kì í bẹ̀rù. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Martin Luther King ṣẹ̀? Ní 1964, FBI dẹ ẹ̀rọ sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ń sùn sí, láìgbàwé lọ́wọ́ adájọ́ kankan. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò lórúkọ. King gbà pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí òun pa ara òun.

Ọlọ́pàá á tún ní ìwé adájọ́ ń dá iṣẹ́ dúró. John Gotti, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú ní New York, ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ léraléra kí FBI tó gbàwé, tí wọ́n sì dẹ ẹ̀rọ sínú ilé tó wà lókè kílọ́ọ̀bù Ravenite ní òpópónà Mulberry. Ohùn ara rẹ̀ ló kó bá a ní 1992, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n sì sọ ọ́ sí. Ìwé yẹn gan-an ni agbẹjọ́rò rẹ̀ ò rí wó lulẹ̀.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àkọsílẹ̀: ta ló gbé e jáde, lọ́jọ́ wo, pẹ̀lú ìwé àṣẹ wo? Èyí tí kò bá níwèé, kí wọ́n da ẹ̀rí rẹ̀ nù. Kí ọlọ́pàá tó dẹ ẹ́ náà sì lọ ṣe ọdún márùn-ún tí òfin yàn fún aráàlú.