Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Sàráà

Bí ọmọ kan bá gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì, tí ó dé ibẹ̀ tán, tí a fi yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ọ̀nà mìíràn ju àtẹ̀gùn lọ, tí ọmọ náà sì jẹ́ arọ, ǹjẹ́ a ti gbà á wọlé? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sáré gòkè. Òun yóò jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí kí wọ́n máa gbé e bí ẹrù lójoojúmọ́. Ìwé gbà á, àtẹ̀gùn lé e padà.

Àwọn kan a máa wí pé kí ó dúpẹ́ pé a tilẹ̀ fún un láyè. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣe sàráà nìyẹn. Ní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyànjẹ aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 5 ni òfin náà fún àwọn tí ó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ láti tún un ṣe. Ọdún 5 náà ti pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ta ni ó wá yẹ kí ó máa bẹ ẹnì kejì?

Wọn a ní kò sí owó. Kí ni yóò ná olùkọ́ láti ka ohun tí ó ń kọ sí ara pátákó sókè, kí afọ́jú lè gbọ́? Kí ni yóò ná wa láti gbé kíláàsì arọ wá sísàlẹ̀? Ẹni tí ń fi ìka ka ìwé Braille nílò àkókò sí i nígbà ìdánwò, nítorí ìka kì í yára tó ojú. Ìwé ọ̀hún kì í sì í ṣe àjèjì: Louis Braille, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1829! Ti adití ni ó ń náwó ní tòótọ́, nítorí a ní láti gba ògbufọ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí a ná an.

Láti 2017 ni JAMB ti ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú lọ́tọ̀. A kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà nìyẹn, ọdún mẹ́rin ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn baba wa, tí a ń pè ní aláìmọ̀wé, pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì ka fífi wọ́n ṣẹ̀sín sí èèwọ̀. Àwa ọ̀mọ̀wé ni a ń wí pé aláàbọ̀ ara kò pọ̀ ní yunifásítì tó ohun tí à bá torí rẹ̀ tún ilé kọ́. Báwo ni wọn yóò ti ṣe pọ̀ nínú ilé tí wọn kò rí wọ̀?