Síláǹtì Kọ́ Ló Ń Ba Gbogbo Táyà Jẹ́

 

Ẹjọ́ táyà ti pọ̀ jù níwájú ẹgbẹ́. Ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kó tòmátì àti ẹni tó ń ta táyà, inú ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn wá. Síláǹtì ló ń dá ìjà sílẹ̀, omi gọ́ọ̀mù inú agolo tí dírẹ́bà ń fún sínú táyà bí ìṣó bá gún un lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbé táyà padà dé ṣọ́ọ̀bù, tí onítáyà rí omi yẹn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe: "Wáráǹtì ti kú."

Àwa ò fara mọ́ ọn. Àléébù tó ti ilé iṣẹ́ wá ni wáráǹtì wà fún. Ihò ìṣó kì í sábà sí nínú rẹ̀, ẹ rọ síláǹtì o, ẹ ò rọ ọ́ o, kí oníbàárà má pariwo lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ojú táyà bá ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, kí onítáyà fi hàn wá bí síláǹtì ṣe ṣe é. Kó má kàn nawọ́ sí omi. Lóòótọ́, ìwé wáráǹtì ilé iṣẹ́ mìíràn sọ pé ohun tí síláǹtì bá bàjẹ́ kò kan àwọn. Ṣé ẹ ka ìwé ọ̀hún sí oníbàárà létí kẹ́ ẹ tó gbowó? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ò fẹ́ kí ọlọ́jà fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́. (Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta ló rí wáráǹtì tòkunbọ̀ rí?)

Ọwọ́ àwọn dírẹ́bà náà ò mọ́. Ara agolo ló ti wà pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú wọn ní kéèyàn má sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan, kó sì yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kíákíá. Àwọn kan á fi kó iṣu láti Ṣakí dé Ìbàdàn, wọ́n á tún fi rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Táyà tí wọ́n sì gùn nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ á ti rún lúbúlúbú. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, wọn ò ní sọ. Ó tú táyà, omi dà sí i lára! Pátì ò sì ní lẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ fọ ibẹ̀, tó gbẹ. Bó bá béèrè owó lé e, kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí onítáyà kọ ọ̀rọ̀ síláǹtì sórí rìsíìtì ní Yorùbá, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọjọ́ orí táyà (2324 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024). Kí dírẹ́bà sọ ohun tó rọ kí wọ́n tó tú táyà. Ẹjọ́ tí kò bá ní irú rìsíìtì yẹn, onítáyà ni kí Ìyálọ́jà kọ́kọ́ bi léèrè, kó tó kan oníbàárà.