Ta Ni Kó Mú Ẹ̀rí Omi Burúkú Wá?

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Bárékè kan wà ní North Carolina, Camp Lejeune lorúkọ rẹ̀. Láti 1953 títí di 1987, omi olóró làwọn sọ́jà ibẹ̀ àti ìyàwó wọn ń mu, òun náà ni wọ́n fi ń po wàrà fọ́mọ ọwọ́. Alágbàfọ̀ kan nítòsí bárékè ń da kẹ́míkà tó fi ń fọ aṣọ sílẹ̀. Àwọn sọ́jà fúnra wọn ń da èyí tí wọ́n fi ń nu gírísì ara ẹ̀rọ nù, epo sì ń jò láti inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rọra wọ inú kànga. Lọ́dún 1981, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò kan fọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé pé omi yìí ti bàjẹ́ gidigidi. Àfi ìgbà tó di 1984 àti 1985 kí wọ́n tó ti àwọn kànga tó burú jù pa.

Sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Jerry Ensminger, pàdánù Janey ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1985. Ọmọ ọdún 9 ni, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Lọ́dún 1997 ni bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa omi náà, orí tẹlifíṣọ̀n ló sì ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbé e yẹ̀ wò ná!

Àwọn tó kọ́kọ́ gba kóòtù lọ fìdí rẹmi, torí òfin ìpínlẹ̀ náà ní ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti kú lẹ́yìn ọdún 10. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2022 kí Ààrẹ Biden tó fọwọ́ sí òfin tuntun: ó fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọjọ́ níbẹ̀ láyè títí di oṣù kẹjọ ọdún 2024 láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí ẹ̀rí bá sì dọ́gba lórí ìwọ̀n, aláìsàn ni wọ́n á dá láre. Àwọn tó ti béèrè owó gbà-má-bínú lé ní 400,000. Owó ọ̀hún ń rìn bí ìgbín, ọ̀pọ̀ ṣì ń dúró, ṣùgbọ́n ojú òfin ti là.

Níbi tí ẹ̀rí bá ti dọ́gba yẹn gan-an ni mo dúró sí. Nílé wa níbí, bí ẹnì kan bá ní omi ló kó bá òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, “Ẹ̀rí ẹ dà?” Èwo ni kó mú wá? Kíndìnrín ò ní sọ orúkọ ẹni tó ba òun jẹ́. Ibi téèyàn gbé, iye ọdún tó fi mu omi ibẹ̀, àti ohun tí àyẹ̀wò bá nínú omi náà, ó yẹ kó tó.

Odò Ọ̀ṣun tó ń gba ọ̀dọ̀ wa l'Ẹdẹ kọjá ti pọ́n láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la sì ń nàka sí. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kéèyàn má mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ dáa. Àwọn tó ti mu ún kó tó dìgbà náà ńkọ́?

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ odò. Ẹ wo oníbátìrì ojú títì: á dojú bátìrì ọkọ̀ dé, ásíìdì tó ti dà pọ̀ mọ́ òjé á ṣàn wọ ilẹ̀ pẹ̀rẹ̀, kànga ilé kejì sì rèé. Òfin ilẹ̀ wa ní òjé inú lítà omi kan ò gbọdọ̀ ju 0.01 mìlígíráàmù lọ. Ojú ò lè rí ìyẹn, iná ò sì lè sè é kúrò. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé látara wíwa góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400.

Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà lówó, Nàìjíríà ò lè san án. (Òótọ́ ni pé àwọn sọ́jà wa tó ti fẹ̀yìn tì ń fẹ̀hónú hàn léraléra l'Ábùjá nítorí owó tó tọ́ sí wọn, ká má tíì sọ ti omi.) Ṣùgbọ́n ta ló ní ìjọba nìkan ni yóò san án? Lọ́dún 2015, Shell gbà láti san 55 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fáwọn ará Bodo ní Ògóní nítorí epo tó dà sódò wọn. Ẹni tó bá da ìdọ̀tí ni kó tọwọ́ bàpò.

Ṣùgbọ́n bí kò bá síwèé, kò sẹ́jọ́. Ìwé àyẹ̀wò ọdún 1981 yẹn wà lára ohun táwọn ará Lejeune rí dì mú. Èwo ni tiwa? Kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa yẹ omi odò, ti ẹ̀rọ àti ti kànga wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbogbo káńsù.

Ká má sì jókòó dè wọ́n. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ lọ́dún 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Kí ẹgbẹ́ onílé l'Alajue, l'Ẹdẹ níbí, kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ omi, kí wọ́n béèrè èsì àyẹ̀wò ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwọn. Ọjọ́ 7 lòfin fún wọn láti fèsì. Bó bá pé tí ẹ ò gbúròó wọn, ẹ gba kóòtù lọ.