Ẹ̀rọ Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí A Ti Lò: Èló Ni Ó Tọ́ Kí A San?

   

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà ata àti iyọ̀. Láti Ìkìrun dé Ìníṣà, títí dé Òkukù, ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọ̀kan nínú wọn, ohun tí ó máa ń fi sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfági, ẹ̀rọ ayùn àti àwọn irin iṣẹ́ mìíràn. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan yóò fi dé, yóò ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín rà á." Màmá yóò ní, "Owó gọbọi ni bàbá àwọn ọmọ fi rà á." Ọ̀dọ́ yóò ní, "Màmá, àlòkù ni." Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní mọ́sálásí, àwọn kan á ní kí a pín in sí méjì. Pípín sí méjì kì í ṣe ìdájọ́. Bí iye tí ẹni tí ń tà pè kò bá nídìí, tí iye tí ẹni tí ń rà pè kò sì nídìí, àárín wọn náà kò lè nídìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe ti opó nìkan, kì í sì í ṣe ti àbúrò olóògbé. Súrà An-Nisá'i, ẹsẹ 11 àti 12, ti là á sílẹ̀: lẹ́yìn gbèsè àti ohun tí olóògbé sọ tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ajogún ní ìpín tirẹ̀. Bí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó. Bí opó bá ju ọ̀kan lọ, àwọn ni yóò pín in láàárín ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tà á ní ọ̀pọ̀, oúnjẹ ọmọ òrukàn ni ó fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rà náà ní ilé. Owó àjọ ìyàwó rẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú àpò yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìkánjú lé opó tí ó ṣì wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀. Irin kì í jẹrà ní oṣù mẹ́rin bí a bá bò ó kúrò lọ́wọ́ òjò, tí a sì fi epo pa ojú rẹ̀.

Rìsíìtì àtijọ́ kò lè sọ iye òní. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye ti ìjọba. Ní ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Ẹ̀rọ tí a rà ṣáájú ìgbà náà lè tó owó tí ó ju èyí tí a fi rà á lọ, bí ara rẹ̀ bá le. Ọjọ́ orí nìkan kì í sì í ṣe àbùkù. Àwọn ẹ̀rọ Wadkin, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1897, wúwo, wọ́n sì lágbára. Ogbó nínú wọn lè sàn ju tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, a kì í ti ojú ogun wẹ́ ọfà. Ẹ mú oníná dání, kí ẹ sì mú pákó tiyín lọ. Ẹ má gbà kí wọ́n fi arère nìkan dán ẹ̀rọ wò, nítorí arère rọ̀; ẹ ti ìrókò sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá tí ó gbé ọ̀bẹ: bí ó bá ń mì, bẹ́árìn rẹ̀ ti jẹ. Ẹ gbé irin tí ó tọ́ lé orí tábìlì rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́, tábìlì ti wọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ti sán tí wọ́n jó pọ̀, ẹ fura.

Bí ọ̀pá ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìfági bá ní igun mẹ́rin dípò kí ó rí róbótó, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ni a fi ń ti pákó sí i, ẹ má rà á ní iyekíye. Àyè tí ó wà láàárín igun rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba ìka wọlé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ irú rẹ̀ láti ọdún 1922.

Ẹ ka àwo kékeré tí ó wà lára mọ́tò. Iná tiwa jẹ́ 50 hertz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Mọ́tò tí ń yí bíi ìgbà 1,750 ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún kò ní ju bíi 1,450 lọ níhìn-ín, ó sì lè máa gbóná jù. Bí ó bá jẹ́ ti iná three-phase, tí ṣọ́ọ̀bù yín kò sì ní irú iná bẹ́ẹ̀, owó àtúnṣe ni kí ẹ kà á sí.

Wàyí o, ẹ mú ìwé. Ká ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ń lọ ní 650,000 náírà lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Wáyà mọ́tò tí a ó tún dì, 80,000, bẹ́árìn, 20,000, ọ̀bẹ tuntun, 30,000, ọkọ̀ àti àwọn tí yóò gbé e, 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 470,000. Ẹ tún yọ 50,000 fún àìsàn tí ojú kò rí, ó ku 420,000. Ibẹ̀ ni òpin owó yín.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀rọ náà yóò mú wọlé. Bí ẹ bá ń san 60,000 lóṣù fún àwọn tí ń bá yín fá pákó, tí iná àti ọ̀bẹ pípọ́n yóò sì gba 10,000, 50,000 ni ẹ óò máa rí fi pamọ́. Ẹ̀rọ àti àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 600,000, nítorí náà oṣù 12 ni yóò fi san ara rẹ̀ padà. Bí iṣẹ́ yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ti wọ́n jù fún yín. Ẹ má sì fojú kéré owó iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnìtì kan fò sí 225 náírà fún àwọn tí ó wà ní ìpele A, mọ́tò agbára ẹṣin mẹ́ta sì lè jẹ yúnìtì méjì ó lé ní wákàtí kan.

Ẹ̀yin màmá tí ẹ fẹ́ tà, ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà méjì tí kò fẹ́ rà á kí wọ́n wò ó. Ẹ bèèrè iye tí àwọn tí ń ra irin àjákù yóò san. Ẹ má gbà ju bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láéláé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lójú ẹni tí ń rà, nítorí ẹ̀rọ tí kò yí, iye irin ni wọ́n máa ń pè é. Àbùkù tí ẹ bá sì mọ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀sìn wa kò fàyè gba kí a bo àbùkù ọjà mọ́lẹ̀, owó tí a bá fi ẹ̀tàn gbà kò sì ní ìbùkún fún ọmọ òrukàn.

Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni owó yóò máa wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Súrà Al-Bákárà, ẹsẹ 282, ti pàṣẹ. Ẹ kọ iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò gba owó fún àwọn ọmọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí ọjà wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.