Ẹ Jẹ́ Kí A Dárúkọ Ẹni Tí Ó Yá Wa

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe ẹlẹgbẹ́ mi,

Ní ọdún tí ó kọjá, èjìká àti ọrùn mi le bí igi. Iṣẹ́ ń pè mí lọ́tùn-ún, gbèsè ń pè mí lósì, n kì í sì í fojú kan oorun lóru. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó kọ́ mi ní ọ̀kan nínú àwọn ìṣe yógà, èyí tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní Savasana. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdùbúlẹ̀ òkú. Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ta ni ó fẹ́ fara wé òkú?

Síbẹ̀, mo tẹ́ ẹní, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ya ẹsẹ̀ díẹ̀, mo na apá sí ẹ̀gbẹ́, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, mo sì dijú. Mo ń dẹ ara díẹ̀díẹ̀, láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé iwájú orí, mo sì ń fi ọkàn bá èémí mi lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, èjìká mi rọ̀. Gbèsè mi kò dín, ṣùgbọ́n mo ní làákàyè tí mo lè fi rò ó.

Àwọn kan nínú wa wá ń sọ pé kí a fún un ní orúkọ tuntun, kí a ní láti inú ìforíbalẹ̀ wa ni ó ti wá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Iwájú orí ni a fi ń kan ilẹ̀ nígbà tí a bá ń foríbalẹ̀, ìjúbà sì ni. Savasana kọjú sókè, ìsinmi sì ni. Ìwé Hatha Yoga Pradipika, tí wọ́n kọ ní èdè Sanskrit ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15, ti ṣàlàyé rẹ̀ pé ó ń lé àárẹ̀ lọ, ó sì ń fi ọkàn balẹ̀. Íńdíà náà ni ó gbé àbá kalẹ̀ kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ya ọjọ́ 21 oṣù Okúdù sọ́tọ̀ fún yógà ní ọdún 2014.

Ó máa ń dùn wá bí àwọn ẹlòmíràn bá mú ìlù wa, aṣọ wa tàbí ewé wa láìdárúkọ wa. Kí ló dé tí àwa yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn? Ìwà lẹ̀sìn, irọ́ kò sì sí nínú ìwà.

Bí ara bá wúwo, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀. Bí ẹ bá dìde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ orí yín, kí ẹ sì dárúkọ Íńdíà. Ẹni tí ó yá nǹkan, tí ó sì dárúkọ olóhun, kì í ṣe olè.

Àṣẹ.