Ẹ Fún Boundary Ní Ọjọ́ Kan Nínú Oṣù Kejì

Tó bá ti di ọjọ́ 14 oṣù Keje lọ́dọọdún, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó á ní kí ará ìlú jáde wá gbin igi. Láti ọdún 2008, nígbà ìjọba Fáṣọlá, ni wọ́n ti ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀. Ohun tó dáa ni, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: àwa tí à ń gbé Boundary, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pàdé, ibo la fẹ́ gbin tiwa sí?

Ẹni tó mọ àdúgbò wa mọ ohun tí mò ń wí. Lápá Àpápá, ọgbà fẹ̀, ògiri ga, igi tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń ṣíji bo ọ̀nà. Ẹ gba Malu Road wá sọ́dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀, ilé fara kan ilé, ṣọ́ọ̀bù fara kan gọ́tà, kọnkéré sì bo èyí tó kù. Ilẹ̀ tó bá ṣófo láàárọ̀, mọ́tò á ti wà lórí rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Rewáyà ni mí; iná àwọn trélà tó ń lọ sí èbúté ni mò ń tún ṣe. Gbogbo ilẹ̀ tí mo ní láyé yìí kò ju bákónì ẹ̀yìn yàrá mi lọ. Síbẹ̀ mo ní panṣẹ́kẹ́, mo ní fúrúùtù, mo ní ìyeyè, mo sì ní osè kan tí kò ga ju ìgò bíà lọ. Inú àwo pẹrẹsẹ ni gbogbo wọn wà. Wọ́n ń wọ́wé, wọ́n sì ń rúwé, bí àwọn ìbátan wọn tó wà nínú oko ṣe ń ṣe.

Iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní bonsai nìyẹn. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ṣẹ̀, àwọn ará Japan ló sọ ọ́ di iṣẹ́ àmọ̀dájú. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo ní 1923, àwọn tó ń ṣe é kó kúrò nílùú, wọ́n wá ibi tí omi àti atẹ́gùn ti dára, wọ́n sì tẹ abúlé Omiya dó ní 1925. Àwọn ọgbà wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lójúde wa kì í gbà fún mi. Á ní, “Bọ̀ọ̀dá Rewáyà, kí ni igi yìí ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ń fi wáyà dè é? Ẹ fi í sílẹ̀ kó dàgbà!” Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní, “Ìyá, níbo ni ẹ fẹ́ kó dàgbà sí?” Ibi tí ògiri gọ́tà ti sán ni mo ti yọ fúrúùtù yẹn. Bí mi ò bá yọ ọ́, lánlọ́ọ̀dù á fà á tu, kó má baà la ògiri. Àwọn igi Àpápá ló ń bí irú rẹ̀; àdán àti ọmọdé ló ń gbé èso wọn sọdá sọ́dọ̀ wa.

Lórí ọ̀rọ̀ pé à ń fìyà jẹ igi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ yanjú. Igi páìnì funfun kan wà ní Washington ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tọ́ nínú àwo láti 1625. Ìdílé Yamaki ní Hiroshima ló ni ín. Bọ́ǹbù tó bọ́ sí ìlú náà ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1945 kò jìnnà sí ọgbà wọn ju nǹkan bíi kìlómítà 3 lọ, igi náà sì yè é. Masaru Yamaki fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976. Ohun tí wọ́n bá ń fìyà jẹ kì í lo irinwó ọdún láyé.

Àmọ́ páìnì kì í wọ́wé, kì í sì í ṣe igi tiwa. Ibi tí mo ti bá àwọn onífláwà ńlá yapa nìyẹn. Igi tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, tí ewé rẹ̀ tutù jálẹ̀ ọdún tí ìdí rẹ̀ sì wú, ni wọ́n ń tà fún àwọn olówó ní owó gọbọi. Ewé yẹn ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Igi tó ń wọ́wé kì í bo nǹkan kan: tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, á bọ́ra síhòòhò, gbogbo ẹ̀ka tí ẹ gé dáadáa àti èyí tí ẹ gé bí aláìbìkítà á hàn kedere. Òun ló dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ní South Africa, Charles Ceronio oníbonsai kò dúró dìgbà tí páìnì máa ti Japan wá. Ó wo osè onídìí ńlá àti igi ẹlẹ́gùn-ún olórí pẹrẹsẹ tó wà ní pápá wọn, ó sì fi ìrísí wọn ṣe ọ̀nà tuntun tí àwọn ẹlòmíì láyé ń tẹ̀ lé báyìí. Kí ló dé tí tiwa fi máa jẹ́ ohun à-kó-wọlé?

Àsìkò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa. Ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olótùútù máa ń ní kí ẹ pààrọ̀ àwo nígbà tí òtútù bá ń lọ. Tiwa kò sí lórí òtútù, orí ẹ̀ẹ̀rùn ló wà. Igi á wọ́wé nígbà ọyẹ́, á sinmi, oúnjẹ tó ti tò pa mọ́ á wà nínú igi àti gbòǹgbò rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù Kejì, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ẹ máa rí i tí orí ẹ̀ka ń wú tí ọ̀mùnú fẹ́ yọ. Ìgbà yẹn gan-an ni. Kò sí ewé tó ń mu omi, nítorí náà ẹ lè gé gbòǹgbò láìpa igi. Ní oṣù Keje tí ewé ti kún bò ó, tí ẹ bá gé e, ewé á máa béèrè omi tí gbòǹgbò kò lè gbé wá mọ́, igi á sì rọ.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ yọ igi kúrò nínú ike rẹ̀, ẹ fi igi sùúyà tú gbòǹgbò láti ìdí síta, kí iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ máa já bọ́. Ẹ gé gbòǹgbò ńlá tó lọ tààrà sísàlẹ̀. Àwọn wẹ́wẹ́ ló ń mu omi. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ihò ìdí àwo, ẹ ki wáyà gba ibẹ̀ wọlé, ẹ fi so igi mọ́lẹ̀ dáadáa, torí igi tó bá ń mì, gbòǹgbò tuntun rẹ̀ á máa já. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ kò dára níbẹ̀: nínú àwo tí kò jìn, omi kì í tètè ṣàn kúrò nínú rẹ̀, gbòǹgbò á rà. Àpáàdì ni èmi ń lò. Mo ń fọ́ ìkòkò amọ̀ sí wẹ́wẹ́, mo ń jọ̀ ọ́ kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè lọ, mo wá ń pò ó mọ́ òkúta kéékèèké àti èédú díẹ̀. Àwọn ará Japan ní amọ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní akadama. Bí ọkọ̀ òkun bá tiẹ̀ gbé e dé èbúté tó wà létí wa, a ò nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibòji àti omi ló kù. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ títí á fi rúwé.

Ti wáyà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò. Kọ́pà inú kébù àtijọ́ máa ń le. Ẹ kọ́kọ́ bó ike ara rẹ̀ kúrò, torí májèlé ni èéfín ike, kí ẹ tó fi í sínú èédú títí á fi pọ́n. Tó bá tutù, á ti rọ̀, ọwọ́ lásán lẹ máa fi wé e mọ́ ẹ̀ka. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni á tún máa le padà, á sì di ẹ̀ka mú síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: igi ilẹ̀ wa ń yára sanra, kò ní pẹ́ tí wáyà á fi fẹ́ jẹ wọ èèpo. Tó bá ti fún, ẹ fi pláyà gé e jábọ́. Ẹ má tú u, títú ló ń dá ẹ̀ka.

Ohun tó ń dun èmi jù ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da igi nù tó bá wọ́wé, wọ́n á ní ó ti kú. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Tó bá tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́, kò kú, ó ń sinmi ni.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: igi inú àwo kò ní ibòji, kò lè dá ooru Ajégúnlẹ̀ dúró. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe igi ojú títì. Wọ́n á gbé àdá, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, igi á rà láti ojú ọgbẹ́ wá sísàlẹ̀, wọ́n á tún wá gé e pátá. Àwọn àgbà ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tí igi kékeré kò bá sí lọ́wọ́ wa, ibo la ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀ka? Ọmọ tó bá ti fi ọdún díẹ̀ tọ́jú panṣẹ́kẹ́ inú àwo á mọ ibi tó yẹ kí àdá dé àti ibi tí kò yẹ kó dé. Irú wọn ló yẹ kí wọ́n máa gbà síṣẹ́ lọ́la.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àjọ LASPARK tó ń bójú tó igi àti ọgbà l'Ékòó, àti sí ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti ti Àpápá, nìyí: ẹ jẹ́ kí oṣù Keje wà fún àwọn tó nílẹ̀. Àwa tí bákónì ni oko wa, ẹ fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ní ọgbà ilé ìwé èyíkéyìí tó bá gbà wá. Ẹ kó ọ̀gbìn igi ilẹ̀ wa wá, kí ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n gé dání. Àpáàdì àti wáyà kò wọ́n wa ní Boundary, àwa á mú tiwa wá.