Irin Ìfojúsùn Kì í Ṣe Táyà Sípíà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ L-3 Communications àti ẹ̀ka rẹ̀ tó ń ṣe awò ìbọn, EOTech, gbà láti san mílíọ̀nù 25.6 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé awò wọn ń fọ́. Ẹjọ́ tí ìjọba rò ni pé awò náà kì í ṣe bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀ nínú òtútù líle àti níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, pé ilé-iṣẹ́ náà ti mọ̀ nípa ti òtútù yìí láti ọdún 2006, síbẹ̀ tí wọ́n ń tà á lọ fún ológun láìsọ̀rọ̀, títí FBI fi dán an wò fúnra wọn tí àṣírí sì tú.

Ohun tó yẹ kó ba ayìnbọn lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí àṣìṣe náà ṣe ń fara pamọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, EOTech kéde pé bí ojú ọjọ́ bá yí láti ìwọ̀n Celsius 40 nísàlẹ̀ òdo dé 50 lókè rẹ̀, ibi tí àmì pupa inú awò ń tọ́ka sí lè yẹ̀ tó MOA 4. MOA 1 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 bí ibi tí wọ́n ń yìn sí bá jìnnà tó 100 mítà. MOA 4 ní 300 mítà á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 35. Ẹni tó fojú sun àárín gbùngbùn pátákó tó fẹ̀ tó ààbọ̀ mítà lè yìn ín kọjá ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ àmì pupa tó wà lójú rẹ̀ ń tàn yòò láàárín pátákó gan-an.

Awò tó kú kì í parọ́. Bí bátìrì bá tán, tí gíláàsì bá fọ́, tàbí tí ẹrẹ̀ bá bò ó, ẹni tó gbé ìbọn sójú yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Awò tó wà láàyè àmọ́ tó ti yẹ̀ ni ewu tó tóbi jù. Ìdí nìyí tí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa irin ìfojúsùn tí wọ́n ń fi ti awò lẹ́yìn fi kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n kà á sí táyà sípíà: wọ́n rà á, wọ́n dè é mọ́ ìbọn, wọ́n ká a lulẹ̀, ó di ọjọ́ tí awò bá kú. Iṣẹ́ irin náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ẹlẹ́rìí tí yóò máa sọ, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ìbọn jáde, bóyá òótọ́ ni awò ń wí. Orí iṣẹ́ yìí ló sì yẹ kí wọ́n gbé yíyàn rẹ̀ àti lílò rẹ̀ kà.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn ogun kì í fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán gíláàsì nìkan. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì gba ìbọn SVD sí iṣẹ́ ní 1963, wọ́n gbé awò PSO-1 rẹ̀, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin, sórí ìgbékọ́ tó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ayìnbọn lè máa rí irin ìfojúsùn láìtú awò. Awò SUSAT tí ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò lórí ìbọn SA80 ní irin kékeré lórí òkè ara rẹ̀ fún ìgbà pàjáwìrì. Kódà awò XM157 ti ilé-iṣẹ́ Vortex, tí ológun Amẹ́ríkà yàn ní oṣù kìíní ọdún 2022, tó ní kọ̀ǹpútà àti léésà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ṣì ní àmì tí wọ́n gbẹ́ sára gíláàsì, èyí tí kò nílò bátìrì.

Simo Häyhä ni orúkọ tí àwọn tó fẹ́ràn irin máa ń dá. Ará Finland ni, ó jà nínú Ogun Ìgbà Òtútù ti 1939 sí 1940. Nínú òtútù burúkú ojú ogun Kollaa, irin ló fi ń fojú sùn, nítorí gíláàsì máa ń bu ìrì, ó máa ń kọ mànà nínú oòrùn, ó sì máa ń mú kí ayìnbọn gbé orí sókè díẹ̀ sí i. Àpẹẹrẹ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò ní kí ènìyàn da awò nù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń darúgbó kò lè rí irin ẹ̀yìn, irin iwájú àti ibi tó ń yìn sí kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Awò ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, àti ohun mìíràn tí yóò máa yẹ awò ọ̀hún wò.

Gíga irin ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùrà wò. Lórí ìbọn AR-15 àti àwọn ìbátan rẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà gbé awò àmì pupa tí kì í sọ nǹkan di ńlá. Ní àkọ́kọ́, bí irin ẹ̀yìn àti irin iwájú bá tò mọ́ra láàárín gíláàsì, àmì pupa yóò jókòó sórí ṣóńṣó irin iwájú gẹ́lẹ́. Ní ìkejì, awò ga díẹ̀ sí i, irin á sì hàn ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìsàlẹ̀ gíláàsì. Ìkejì yìí dára fún ẹni tó fẹ́ kí irin rẹ̀ wà ní ìdúró nígbà gbogbo, nítorí kì í dí i lójú. Bó bá fẹ́ yẹ awò wò, orí nìkan ni yóò rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Irin tí gíga rẹ̀ kò bá ti awò mu kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é náà ṣe kókó. Oníke bíi MBUS ti Magpul fúyẹ́, ṣùgbọ́n Magpul fúnra wọn kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé e sórí ibi tí gáàsì ìbọn ń gbà, nítorí ooru ibẹ̀. Èyí tó ń ká lulẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbagidi bó bá dìde. Bó bá ń mì lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣeé gbára lé.

Ibi ìyìnbọn ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á fi ọta tọ́ awò sọ́nà tán, wọ́n á gbé irin dìde, wọ́n á yí i títí yóò fi bá àmì pupa dọ́gba, wọ́n á sì kó ẹrù wọn lọ sílé láìfi irin yin ọta kan ṣoṣo. Irin tí wọ́n tò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ awò ló kàn ń tún sọ. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n pa iná awò, kí wọ́n fi irin nìkan yin ọta bíi mẹ́ta tàbí márùn-ún sí bébà, kí wọ́n wo àárín ibi tí wọ́n kó jọ sí. Bí ọta bá ń bà sí òsì, irin ẹ̀yìn ni kí wọ́n sún sí ọ̀tún, síhà tí wọ́n fẹ́ kí ọta lọ. Ti irin iwájú yàtọ̀: bí ọta bá ń bà nísàlẹ̀ jù, ṣe ni wọn yóò rẹ irin iwájú wálẹ̀ kí ọta tó gòkè.

Lẹ́yìn èyí, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ayìnbọn yóò rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, yóò dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò léwu, yóò to irin méjèèjì mọ́ra, yóò sì wo ibi tí àmì pupa wà. Bó bá wà níbi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n yin ín, kò sí ohun tó yí. Bó bá ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan nínú awò àti irin ti kúrò ní àyè rẹ̀, ó di ibi ìyìnbọn. Àmì pupa tó ń rìn bí orí ṣe ń rìn kì í ṣe àléébù o, bí wọ́n ṣe ṣe awò náà nìyẹn. Ìgbà tí irin méjèèjì bá tò dáadáa nìkan ni kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí sí.

Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá kò gba irú àyẹ̀wò yìí, nítorí kì í fi àyè sílẹ̀ fún irin láàárín rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó máa ń gbé irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 45, wọ́n á yí ìbọn díẹ̀, irin á sì bọ́ sójú. Fún irú wọn, bébà ni yóò sọ òótọ́: ọta mẹ́ta pẹ̀lú awò, mẹ́ta pẹ̀lú irin, kí wọ́n fi wéra. Ẹni tí kò fẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ lo ìdè tí ọwọ́ lásán lè tú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, awò tó fọ́ yóò kàn dí irin lójú ni.

Àwọn tó ń tako irin ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Aimpoint, ilé-iṣẹ́ Sweden tó gbé awò àmì pupa rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1975, ń ṣe CompM4 tí wọ́n ní bátìrì AA kan ṣoṣo lè gbé fún ọdún mẹ́jọ láìpa á. Awò ACOG ti ilé-iṣẹ́ Trijicon, tó ti wà láti 1987, kò nílò bátìrì rárá nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ bátìrì tó lágbára kò dí súkúrù lọ́wọ́ kó má tú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní kí ìbọn má já bọ́ láti orí ọkọ̀. Awò á ṣì máa tàn, ibi tó ń tọ́ka sí á sì ti yí.

Kì í ṣe gbogbo ìbọn ló nílò irin o. Ẹni tó ń yin bébà lórí tábìlì fún ìdíje lè kó o kúrò, ọdẹ tí awò rẹ̀ bàjẹ́ náà sì lè padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọdẹ tó gbé ṣakabùlà wọgbó kò tilẹ̀ ní awò tí yóò fi irin tì lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó gbé ìbọn nítorí ẹ̀mí, tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn, ológun àti ọlọ́pàá ló sì kàn jù.

Fún àwọn yìí, ó yẹ kó di òfin pé kí ìwé kékeré kan máa bá ìbọn kọ̀ọ̀kan rìn, tí wọ́n kọ ọjọ́, bí òtútù tàbí ooru ṣe tó, irú ọta, àti ibi tí awò àti irin bà sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìgbà òtútù bá wọlé, tàbí tí wọ́n gbé ìbọn lọ sí ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n tún méjèèjì yìn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojúṣe àwọn tó ń ṣe awò náà ni láti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìtọ́ni, ní sẹ̀ǹtímítà, bí ọjà wọn ṣe lè yẹ̀ tó nínú òtútù àti ooru, kí ẹni tó ń rà á lè bèèrè lọ́wọ́ wọn kó tó sanwó.